Òòfà lórí ọpọlọ: ṣé lóòótọ́ ló ń mú ọwọ́ yá?

Ní oṣù Keje ọdún 2022, ní pápá ìṣeré Hayward Field nílùú Eugene, ìpínlẹ̀ Oregon, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré 100 mítà tí wọ́n ti ń fo igi ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Kò sí obìnrin tó sá a kíá tó bẹ́ẹ̀ rí, gbogbo wa la sì jọ yọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ní pápá kan náà, ohun kan ti ṣẹlẹ̀ tí kò tètè yé ọ̀pọ̀ àwa tí a ń wò. Wọ́n lé Devon Allen, ọmọ Amẹ́ríkà, kúrò nínú àṣekágbá ti àwọn ọkùnrin. Wọ́n ní ó tètè gbéra. Òfin eré sísá sọ pé ẹni tó bá gbéra kí 0.100 ìṣẹ́jú àáyá tó pé lẹ́yìn ìró ìbọn, onítọ̀hún kò dúró gbọ́ ìbọn, ńṣe ló méfò. Ẹ̀rọ sì sọ pé 0.099 ni ti Allen. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ló lé e sílé.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú àkókò kékeré yẹn. Ìró ìbọn dé etí. Etí sọ ọ́ di iṣẹ́ tí iṣan ìmọ̀lára lè gbé. Ọpọlọ gbà á, ó mọ̀ pé ìbọn ni, ó pàṣẹ, àṣẹ gba ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ sì jẹ́ ìpè. Àkókò tó wà láàrin ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tí ara dáhùn ni àwọn onímọ̀ ń wọ̀n. Mílísẹ́kọ́ńdì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, 1,000 rẹ̀ ló sì wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Àkókò ìfèsì ni màá máa pè é nínú àlàyé yìí.

Ọ̀rọ̀ tó ń lọ báyìí ni pé ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń gbé sórí ènìyàn, tó ń fi òòfà ta ọpọlọ jí, tí ìfèsì á sì yá sí i. TMS ni àwọn dókítà ń pè é. Ilé ìtọ́jú tó ní in ti pọ̀ ní Amẹ́ríkà àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùwádìí ní yunifásítì ń wá ẹni tó máa yọ̀ǹda orí rẹ̀ fún ìdánwò. Mo ti ka ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́, ó sì jẹ mí lógún gan-an, nítorí mo rí i pé ìpolówó ń gba ibi tí ìmọ̀ ò gbà. Òòfà lè mú ìfèsì yá. Ó sì lè mú un falẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà ni, orí kan náà ni. Ìgbà tí ó kàn án, ibi tí ó kàn án, àti ohun tí a fi ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀ ló ń pinnu èyí tí a máa rí.

Ẹ lè wọn ìfèsì tiyín nílé láì ná kọ́bọ̀. Ẹ fún ẹnìkan ní rúlà onísẹ̀ǹtímítà 30 kó dì í mú lókè, kí odo rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀, láàrin àtàńpàkò yín àti ìka ìlábẹ̀, kí ìka yín má kàn án. Kó jù ú sílẹ̀ láì kìlọ̀. Bí ẹ bá gbá a mú níbi sẹ̀ǹtímítà 20, bíi 200 mílísẹ́kọ́ńdì lẹ lò. Bó bá jẹ́ 15, bíi 175 ni. Ẹ wá yí i padà díẹ̀: kí onítọ̀hún sọ “igi” tàbí “irin” bó ṣe ń jù ú sílẹ̀, kí ẹ gbá a mú bó bá jẹ́ “igi” nìkan. Rúlà á bọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó mira. Ọwọ́ yín ò tíì di arúgbó láàrin ìṣẹ́jú méjì; yíyàn ló gba àkókò.

Ohun tí Franciscus Donders ṣe ní Utrecht, nílẹ̀ Netherlands, nìyẹn, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1868. Ó wọn ìfèsì tí kò ní yíyàn nínú, ó wọn èyí tó ní yíyàn, ó yọ àkọ́kọ́ kúrò nínú ìkejì, ó ní iye tó ṣẹ́kù ni àkókò tí ọkàn fi yan nǹkan. Ṣáájú rẹ̀, ní 1850, Hermann Helmholtz ti fi iṣan ẹsẹ̀ àkèré fi hàn ní Jámánì pé iṣẹ́ tí iṣan ìmọ̀lára ń gbé kò yá tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò: kò pé mítà 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ìró ń lọ ní bíi mítà 340. Johannes Müller tó jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ti rò pé kò ní ṣeé wọ̀n láéláé. Láti ìgbà náà ni àkókò ìfèsì ti di fèrèsé tí a fi ń yọjú wo inú ọpọlọ láì la orí ẹnikẹ́ni.

Fèrèsé yẹn ní àbùkù kan. Ó ń sọ iye àkókò tí iṣẹ́ gbà fún wa, kò sọ ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni òòfà ti wọlé.

Michael Faraday ti rí i ní 1831 pé bí òòfà bá ń yí padà lẹ́bàá wáyà, iná mànàmáná á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn nínú wáyà náà. Ọpọlọ kì í ṣe wáyà, ṣùgbọ́n omi oníyọ̀ ló wà nínú rẹ̀, iná mànàmáná kékeré ni àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ní 1980, Merton àti Morton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi iná mànàmáná gan-an ta ọpọlọ láti òde awọ orí. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó dun ènìyàn púpọ̀, nítorí agbárí ń dínà iná, wọ́n sì ní láti fi agbára tì í wọlé. Ní 1985, Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sheffield lo òòfà dípò. Agbárí kò dí òòfà lọ́nà rárá. Òòfà á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, inú lọ́hùn-ún ló ti máa bí iná.

Wáyà bàbà tí wọ́n ká bí òǹkà 8 ni wọ́n sábà máa ń lò, tí wọ́n fi ike bò. Ibi tí òbìrí méjèèjì ti pàdé ni agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà tí iná bá gba inú rẹ̀ kọjá, òòfà tó jáde lè tó ti MRI, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara ní ọsibítù, ṣùgbọ́n kì í pé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kó tó parẹ́, kì í sì í wọ inú orí ju bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ. Apá òde ọpọlọ nìkan ló ń tó.

Ẹni tó bá jókòó sórí àga ìdánwò, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fún un ni ohun tó máa fi di etí. Wọ́n á gbé wáyà náà sí ẹ̀gbẹ́ àtàrí, wọ́n á máa sún un díẹ̀díẹ̀. Páù! Kò sí nǹkan. Wọ́n á sún un. Páù! Lójijì, àtàńpàkò rẹ̀ á fò sókè láàyè ara rẹ̀, láì jẹ́ pé ó pàṣẹ fún un. Ẹ̀rù kì í sábà bà wọ́n, ẹnu ló máa ń yà wọ́n. Ibi tó ń darí ọwọ́ nínú ọpọlọ ni wọ́n bá pàdé yẹn. Agbára tó kéré jù tó lè mú àtàńpàkò fò ni wọ́n á fi ṣe òṣùwọ̀n fún onítọ̀hún, nítorí orí ò rí bákan náà: agbárí ẹlòmíràn nípọn, ti ẹlòmíràn fẹ́lẹ́.

Ìfalẹ̀ la kọ́kọ́ rí kedere. Ní 1989, Day àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London ní kí àwọn ènìyàn mi ọrùn ọwọ́ bí wọ́n bá ti gbọ́ àmì. Lẹ́yìn àmì, kí ọwọ́ tó gbéra, wọ́n fi òòfà kan ibi tó ń darí ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ pẹ́ kó tó lọ, nígbà mìíràn tó 150 mílísẹ́kọ́ńdì. Ohun tó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ yẹn ni pé nígbà tí ọwọ́ wá lọ tán, bó ṣe yẹ kó lọ gan-an ló lọ. Ètò rẹ̀ kò bàjẹ́, ohunkóhun kò yọ kúrò nínú rẹ̀. Ńṣe ló dà bí ìránṣẹ́ tó gbé àrokò lọ́wọ́ tí oníbodè dá dúró lẹ́nu ibodè: ìránṣẹ́ pẹ́, àrokò kò yí padà. Èyí fi hàn pé àṣẹ ti wà níbì kan nínú ọpọlọ, tí wọ́n ti dì í tán, kó tó dé ibi tó ń darí ọwọ́.

Ní ọdún kan náà, Amassian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York gbé wáyà sí ìpàkọ́, níbi tí ọpọlọ ti ń gba iṣẹ́ tí ojú rán. Wọ́n tan lẹ́tà mẹ́ta fún ìṣẹ́jú bín-ń-tín, wọ́n ní kí ẹni tó jókòó kà á. Bí òòfà bá kàn án ní nǹkan bíi 80 sí 100 mílísẹ́kọ́ńdì lẹ́yìn tí lẹ́tà tàn, kò ní rí i kà. Bó bá tètè jù tàbí tó pẹ́ jù, ó máa rí i. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Ashbridge, Walsh àti Cowey, ní 1997. Ẹ ronú ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Òkúta dúdú nínú ẹ̀wà funfun, ojú kì í wá a, òun fúnra rẹ̀ ló máa yọ síta. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀wà pupa àti ẹ̀wà funfun bá dàpọ̀, tó wá jẹ́ pé ẹ̀wà pupa tó fọ́ nìkan lẹ fẹ́, tí funfun tó fọ́ náà sì wà níbẹ̀, ojú gbọ́dọ̀ so àwọ̀ àti ìrísí pọ̀ kó tó mọ̀. Irú iṣẹ́ méjèèjì yìí ni wọ́n gbé sójú kọ̀ǹpútà, wọ́n wá fi òòfà kan apá ọ̀tún orí, láàrin àtàrí àti ìpàkọ́. Iṣẹ́ tó rọrùn kò falẹ̀ rárá. Iṣẹ́ tó gba síso pọ̀ falẹ̀. Ìgbà tí òòfà kàn án sì ní ìtumọ̀: bí ohun tí wọ́n ń wá bá wà níbẹ̀, nǹkan bíi 100 mílísẹ́kọ́ńdì lẹ́yìn tí àwòrán jáde ni kíkàn ń dí i lọ́wọ́, bí kò bá sí níbẹ̀, nǹkan bíi 160 ni. Nígbà tí wọ́n tún jẹ́ kí àwọn kan fi iṣẹ́ náà kọ́ra dáadáa, tí ọwọ́ wọn mọ́ ọn, òòfà kò dí wọn lọ́wọ́ mọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ti ń ṣa ẹ̀wà fún ogún ọdún kò lo ibi tí ọmọdé ń lò nínú ọpọlọ láti ṣa á.

Ohun tí òòfà wúlò fún gan-an nìyí lójú tèmi. Ó jẹ́ ká mọ ibi tí iṣẹ́ ń gbà àti àkókò tó gba ibẹ̀ kọjá.

Ìyára náà ńkọ́? Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ti London, ní 1992, Pascual-Leone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde kan jáde tó dà bí òdìkejì. Wọ́n dín agbára òòfà kù títí tí àtàńpàkò kò fi lè fò mọ́, wọ́n sì kàn án ní àkókò tí àmì ń jáde. Ìfèsì yá ní nǹkan bíi 30 mílísẹ́kọ́ńdì. Ibi tó ń darí ọwọ́ kan náà ni. Lára ohun tí wọ́n rò ni pé ìkàn tí kò lágbára, tó dé ní kùtùkùtù, ń ta sẹ́ẹ̀lì jí sílẹ̀ kí àṣẹ tó dé, nígbà tí ìkàn líle tó dé nígbẹ̀yìn ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Mélòó ni 30 mílísẹ́kọ́ńdì? Ẹ fojú inú wo ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Láàrin 250 mílísẹ́kọ́ńdì tí awakọ̀ fi rí nǹkan kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi bíréèkì, ọkọ̀ ti rin nǹkan bíi mítà 7. Bí a bá dín 30 kúrò, ohun tí a rí gbà padà kò tó mítà kan. Fún ẹni tó dúró lójú títì, kò kéré o. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá sinmi dáadáa tàbí tó sọ fóònù sílẹ̀, èrè tó máa rí ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Oríṣi ìyára mìíràn wà tó gba ẹ̀yìn yọ. Ní 1998, Walsh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi òòfà kan ibi tí ọpọlọ ti ń mọ̀ pé nǹkan ń rìn. Iṣẹ́ tó nílò mímọ ìrìn falẹ̀, bí ẹnikẹ́ni ṣe máa retí. Àmọ́ iṣẹ́ kan tó jẹ́ pé àwọ̀ tàbí ìrísí ló nílò, tí ìrìn sì ń dà á láàmú, ńṣe ló yá sí i. Òòfà kò fún ọpọlọ ní agbára kankan níbẹ̀. Ó pa rédíò tó ń pariwo létí ẹni tó ń kàwé ni. Ní ọdún 1998 yẹn kan náà, Töpper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì rí i pé bí òòfà bá kan apá òsì orí, níbi tí ọpọlọ ti ń lóye ọ̀rọ̀, kí àwòrán tó jáde, àwọn ènìyàn á tètè dárúkọ ohun tó wà nínú àwòrán náà.

Títí débí, ó dùn ún gbọ́. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìró yẹn: páù.

Gbogbo ìgbà tí iná bá gba inú wáyà náà kọjá ló ń dún, tí ó sì ń gbá awọ orí bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka ta ni. A sì ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé ìró tó bá àmì rìn ń mú ìfèsì yá láì sí òòfà kankan. Àwọn eléré sísá mọ̀ ọ́n. Ní Òlíńpíìkì Athens ti 2004, ẹ̀rọ tó ń gbé ìró wà lẹ́yìn eléré kọ̀ọ̀kan kí gbogbo wọn lè gbọ́ ọ pọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Brown àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ẹni tó sún mọ́ ìbọn jù ni ìfèsì rẹ̀ yá jù, nítorí ìró tiẹ̀ ló le jù. Ariwo líle ń lé ẹsẹ̀ jáde.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé wáyà sí orí mi, tó dún páù, tí ọwọ́ mi sì yá, kí ló mú un yá? Ní 1997, Terao àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi iná kékeré kan ara lásán, níbi tí kò jẹ mọ́ ọpọlọ, ìfèsì sì yá bíi ti òòfà. Ní 2013, Duecker àti Sack ní Maastricht lo wáyà ẹ̀tàn, èyí tó ń dún tí kò sì ta ọpọlọ, ṣáájú kí àmì tó jáde. Àwọn ènìyàn tètè rí àmì náà. Ìró nìkan ló ṣiṣẹ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá fi wáyà gidi wé ìgbà tí kò sí nǹkan kan lórí rárá, ńṣe ló máa pariwo pé òòfà ti mú ọpọlọ yá.

Ó tún ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Níbi iwájú orí àti lẹ́bàá etí, òòfà ń mú iṣan ojú àti ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ fò. Ó ń bíni nínú, nígbà mìíràn ó ń dunni. Ní 2018, Meteyard àti Holmes nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀n ọ́n káàkiri orí, ibì kan tẹ̀lé òmíràn, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn sọ bí ó ṣe ń ni wọ́n lára tó. Ibi tó ń dani láàmú jù ni ìfèsì ti máa ń falẹ̀. Bí olùwádìí bá kan iwájú orí, tó wá fi wé àtàrí tí kò dunni, tí iwájú sì falẹ̀, ó lè rò pé òun ti rí ibi tí ọpọlọ fi ń ronú, nígbà tó jẹ́ pé ojú tó ń fò pì pì pì ló gba ọkàn ẹni náà.

Èyí ni mo fi ń pààlà sáàrin ìwádìí tó ṣeé gbọ́kàn lé àti èyí tí mo máa ń fi sílẹ̀. Ẹ padà wo ti ẹ̀wà ṣíṣà. Ìró kan náà, ibi kan náà lórí, ìdààmú kan náà, iṣẹ́ kan falẹ̀, ìkejì kò falẹ̀. Ìró kò lè mọ̀yàtọ̀ láàrin iṣẹ́ méjì. Àkókò náà tún yàtọ̀, 100 fún èyí, 160 fún ìyẹn. Irú àfiwé bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí àwáwí ráyè wọlé.

Ìyára nìkan kò sì tó. Ẹni tó yá tó sì ń ṣì í, kò tíì ṣe nǹkan kan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú ni kì í bàjẹ́. Bí àbájáde kan bá sọ mílísẹ́kọ́ńdì fún mi láì sọ iye ìgbà tí wọ́n gbà á tàbí tí wọ́n ṣì í, mi ò ní kà á parí.

Gbogbo ohun tí mo ti sọ dá lórí ìkàn ẹyọ kan tàbí díẹ̀, tí ipa rẹ̀ ń kọjá lójú ẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n ń polówó ni kíkàn léraléra, tí wọ́n ní ipa rẹ̀ á dúró lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ kúrò. Ní 2005, Huang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London gbé ìlànà kan jáde: ìkàn mẹ́ta tó yára tẹ̀lé ara wọn, ìdìpọ̀ bẹ́ẹ̀ márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ṣe é lọ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 40 láì dúró, ọpọlọ níbi tó ń darí ọwọ́ máa ń rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí wọ́n bá ń dá a dúró, tí wọ́n ń tún un bẹ̀rẹ̀, ó máa ń ta kébé. Ọ̀pọ̀ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí kò gba àkókò. Ṣùgbọ́n ní 2013, ní London náà, Hamada àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára ènìyàn tó lé ní 50. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò sí ipa kankan tó hàn: àwọn kan gòkè, àwọn kan lọ sílẹ̀, ìlànà kan náà. Ní 2015, Héroux, Taylor àti Gandevia ní Ọsirélíà bi àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́ léèrè bóyá wọ́n ń rí ohun tí ìwé sọ pé wọ́n máa rí. Nǹkan bí ìdajì wọn ló lè sọ bẹ́ẹ̀ ni. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó jẹ́wọ́ yẹn, nítorí àìjẹ́wọ́ ló ń jẹ́ kí ayédèrú rí ọjà tà.

Ọ̀tọ̀ ni ti ìtọ́jú. Ní 2008, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ẹ̀rọ yìí fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí oògùn kò ràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NICE, àjọ tó ń gba àwọn ọsibítù nímọ̀ràn lórí ìtọ́jú, fọwọ́ sí i ní 2015. Ní 2018, ìwádìí ńlá kan ní Kánádà fi hàn pé ìlànà oníṣẹ́jú mẹ́ta, irú ti Huang tí wọ́n ń dá dúró tí wọ́n ń tún bẹ̀rẹ̀, kò kéré sí ti àtijọ́ tó ń gba ju ìṣẹ́jú 37 lọ ní ìjókòó kan, FDA sì fọwọ́ sí i lọ́dún náà. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti dá gúnlẹ̀ lè rí ìwòsàn níbẹ̀, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ mi dẹ́rù ba irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìfèsì àti ìrònú aláìsàn náà lè yá sí i bí ara rẹ̀ ṣe ń yá, nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì fúnra rẹ̀ ń fa ìrònú sẹ́yìn. Kò sí ìkankan nínú àwọn àjọ wọ̀nyí tó fọwọ́ sí i pé kí a fi mú ọpọlọ ẹni tí ara rẹ̀ le yá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò, oníbọ́ọ̀lù tó ń wá bó ṣe máa ta ojúgbà rẹ̀ yọ, ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ wọn nítorí ìyára ń ta ohun tí kò ní lọ́wọ́.

Ewu rẹ̀ kò pọ̀ bí wọ́n bá tẹ̀lé ìlànà, ṣùgbọ́n ó wà. Orí fífọ́ ló wọ́pọ̀ jù. Gìrì lè mú ènìyàn, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n, pàápàá ẹni tó ní wárápá tàbí tó ń lo àwọn oògùn kan tàbí tí kò sùn. Ẹni tí wọ́n fi irin sí lórí, tàbí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sínú etí lọ́hùn-ún, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Àwọn ìbéèrè yìí ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi yín kí wọ́n tó gbé ohunkóhun sí yín lórí. Bí wọn ò bá bi yín, ẹ dìde.

Ó ku ohun kan tí wọn kì í sábà kọ sínú ìwé, tó sì kan àwa gan-an. Irun. Bí wáyà bá ṣe jìnnà sí ọpọlọ ni agbára òòfà ń jó rẹ̀yìn. Stokes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ̀n ọ́n ní 2005: mílímítà kan tó bá fi jìnnà sí i, ẹ̀rọ á nílò bíi ìdá 3 nínú 100 agbára rẹ̀ láti dí i. Ẹ wá wo obìnrin tó di ṣùkú lọ síbẹ̀. Àtàrí ni gbogbo irun ti pàdé, ó ga, ó nípọn, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ti ń wá ibi tó ń darí àtàńpàkò. Bí wọ́n bá wọn agbára lórí ṣùkú, tí wọ́n wá gbé wáyà lọ síbi iwájú orí tí irun ti fẹ́lẹ́, agbára tí wọ́n wọ̀n ti pọ̀ jù fún ibẹ̀. Irun àdìmọ́, àtáṣímẹ́ǹtì, dàda, bákan náà ni. Nígbà mìíràn, ohun tó rọrùn fún olùwádìí ni láti má pe onírun bẹ́ẹ̀ rárá, kí wọ́n sì máa pe ohun tí wọ́n rí lára àwọn tó kù ní ọpọlọ ènìyàn.

Ó tún ń le sí i, nítorí iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù báyìí nílò kí wọ́n máa gbọ́ ọpọlọ kí wọ́n tó kàn án. Ní Tübingen, ní Jámánì, ní 2018, Zrenner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi elektíródù, ohun kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ orí, ka ìgbì iná mànàmáná inú ọpọlọ, kọ̀ǹpútà sì dúró de ìgbà tí ìgbì náà bá wálẹ̀ pátápátá kó tó jẹ́ kí òòfà kàn. Ibi tó ń darí ọwọ́ ta kébé. Nígbà tó jẹ́ ìgbà tí ìgbì wà lókè ni wọ́n kàn án, kò sí ìyàtọ̀. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà sí àwọn tó gòkè àti àwọn tó lọ sílẹ̀. Àmọ́ elektíródù gbọ́dọ̀ kan awọ orí kó tó gbọ́ ohunkóhun, fìlà elektíródù tó wọ́pọ̀ kì í sì í kàn án lórí irun tó ṣù.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní Carnegie Mellon, nílùú Pittsburgh, Arnelle Etienne, ló mú ọ̀rọ̀ yìí ní pàtàkì. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò ní kí ẹnikẹ́ni tú irun. Wọ́n di irun àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi kọ́lẹ́sẹ̀ tiwa, kí ojú ìlà lè bọ́ síbi tó yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọpọlọ, wọ́n sì ṣe elektíródù tó ń fi irun dídì méjèèjì há ara rẹ̀, tó sì jókòó sórí awọ orí láàrin wọn.